Àpótí Ọmọ Wọlé, Dírípù Jáde

"Kọ̀ǹpútà yìí kórìíra mi!"

Ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń lu tábìlì ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára lóòótọ́. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni ètò tó ń kọ yóò máa darí àwọn ẹ̀rọ inú yàrá ọmọ tuntun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí oṣù rẹ̀ kò pé, sì wà nínú ọ̀kan lára àwọn àpótí tó ń mú ọmọ móoru níbẹ̀.

Àǹtí kan tó jókòó nítòsí yí àga rẹ̀. Ka-á-lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, torí kò sí ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà tí kì í kà sókè nígbà méjì kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, mo kọ abala kan tó ń tún ẹ̀rọ tò. Mo ní ẹ̀rọ yòówù tó bá ti tẹ̀lé àdéhùn wa, ìyẹn kó ṣeé tàn, kó ṣeé pa, kí abala náà gbà á. Àpótí ọmọ tẹ̀lé e, dírípù, ẹ̀rọ tó ń fa omi oògùn sára, náà tẹ̀lé e. Àmọ́ tí mo bá gbé àpótí ọmọ fún un pé kó tún un tò, kọ̀ǹpútà á ní òun ò gbà."

"Kí lo wá ṣe?"

Kíákíá họ orí. "Mo lẹ orúkọ 'ẹ̀rọ kan ṣáá' mọ́ ọn kí n tó gbé e fún un. Nígbà tó padà, mo fipá sọ ọ́ di àpótí ọmọ."

"Háà! Àbúrò mi, o fi iná sórí òrùlé, o fẹ́ lọ sùn!"

Ó ka ìkìlọ̀ náà, ó tún un kà.

"Wò ó. O fún abala yìí láyè kó pààrọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ àdéhùn nìkan lo fi dè é, tó bá gbé dírípù sáyè àpótí ọmọ, kò jẹ̀bi. Ṣebí ẹ̀rọ ni dírípù náà?"

"Báwo wá ni kí n ṣe é?"

"Kọ ọ́ pé irú ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá gbé wá, tó bá ti tẹ̀lé àdéhùn, irú kan náà gan-an ni wọ́n á gbé lọ."

Ìlà kan péré ni. Kíákíá tún un kọ, ó yọ ipá tó lò kúrò. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ pòórá, òmíràn yọ nísàlẹ̀. Kíákíá kà á.

"Àǹtí, mo kọ ọ́ síbí pé tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kó fi dírípù tuntun rọ́pò rẹ̀. Dírípù ni mo ń dán wò lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, mo gbàgbé láti yọ ọ́."

"Tí àpótí ọmọ bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, dírípù ló máa padà, màá sì fipá pè é ní àpótí ọmọ. Ètò á kú. Ọmọ á wà nínú òtútù."

Ó yọ ìlà náà. Ìmọrírì kún inú rẹ̀ fún obìnrin tí kì í kánjú yìí, àti fún kọ̀ǹpútà tí kò gbà kí wọ́n parọ́ fún òun. Lọ́sàn-án, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ara ọmọ sì móoru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, tí abala kan bá fẹ́ wo nǹkan lásán, àdéhùn tó o. Tó bá máa yí i padà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ rí i pé irú tó wọlé ni irú tó jáde. Tí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹni tó ń sùn nínú àpótí yẹn kò lè ka ètò yín. Ẹ bá a kà á.