Táìlì Ẹ̀gbẹ́ Òpó Kẹta

Mi ò wọ bàtà lọ́jọ́ tí mo pàdé Jàmíù. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn mi, ìjọ wa kì í sì í fi bàtà wọ sùtánà. Wọ́n ń to táìlì sí ilé àdúrà wa ní Ajah lọ́sẹ̀ náà, ẹnì kankan ò sì sọ fún mi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to ti ẹ̀gbẹ́ òpó kẹta tán ni. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ lé e, ó yẹ̀ lábẹ́ mi.

"Àǹtí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira! Ẹ dúró síbẹ̀!"

Ọkùnrin kan sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó rọra gbé e kúrò. Ó fi ìka kan táìlì náà, ó tún kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́? Eléyìí dì. Èyí tí ẹ tẹ̀ ti ṣófo lábẹ́."

"Sọ́rì o."

"Kò sí wàhálà. Màá padà wá tún un ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí pé nǹkan kì í tètè dun èmi, kì í sì í tètè dùn mọ́ mi. Nígbà tí bàbá mi kú, oúnjẹ ni mò ń sè fún àwọn tó wá kí wa, gbogbo ènìyàn sì ń yìn mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yẹn ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ mi títí mo fi délé.

Mò ń ka ìwé máàsítà nígbà náà, nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni kí n kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa gbọ́ Yorùbá ẹnu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ogójì ènìyàn ni mo nílò, ogún ìṣẹ́jú ohùn lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò gbọdọ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, nọ́mbà là ń fún wọn. Mo padà lọ bá onítáìlì wa, mo fún un ní nọ́mbà kẹtàdínlógún.

Ogún ìṣẹ́jú tirẹ̀ pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, mo pè é.

"Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ohùn yín dáadáa o. Ẹ máa tún un sọ."

Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ohùn rẹ̀ tó tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá. Tó bá ti ṣíwọ́ ní sáìtì, tàbí lọ́jọ́ Sátidé, a ó lọ jókòó létí òkun l'Ẹ́lẹ́kọ, níbi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn sórí iyanrìn, yóò máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ó sọ̀rọ̀ nípa Ìgbòho, nípa ìyá rẹ̀, nípa fọ́ọ̀mù póli tó gbà tí kò rí lọ. Òun ni kò jẹ́ kí n máa pe òun ní "ẹ" mọ́.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ìgbà wo ni nǹkan yìí máa tó gbọ́ mi?"

"Ó kù díẹ̀."

"Èmi ò kánjú o."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Fèyíkẹ́ mi, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́, àbí?"

Mo ní ó ń gbọ́. Inú mi dùn gan-an. Nígbà tí mo délé, mo kọ déètì sí fáìlì náà, mo fi í pamọ́.

Ó ní òun fẹ́ wá kí Màámi. "Èmi ni màá dọ̀bálẹ̀, èmi ni màá bẹ̀bẹ̀. Tìẹ ni pé kí o sọ fún wọn ẹni tí mo jẹ́ sí ẹ. Gbólóhùn kan péré, Fèyí."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, bí ìsìn ṣe parí, pẹ̀lú búbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa. Ìyá ìjọ ni Màámi, kò sì sí ẹni tí wọn ò tíì sọ fún pé ọmọ àwọn ń gba máàsítà. Lójú wọn, ọ̀gá ńlá kan ti ń dúró láti fẹ́ mi ní Lẹ́kkí.

"Fèyíkẹ́, ṣé kì í ṣe onítáìlì wa nìyí? Wọ́n ló ń bèèrè ẹ. Kí ló jẹ́ sí ẹ?"

Gbogbo àwọn obìnrin ìjọ yíjú sí wa.

"Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń gba ohùn wọn ni, Màámi. Nọ́mbà kẹtàdínlógún."

Jàmíù wò mí. Kò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Nọ́mbà kẹtàdínlógún ni mí."

Ó sì lọ. Mo jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́.

Kò gbé ìpè mi mọ́. Wọ́n ní ó ti wà ní Free Zone Lẹ́kkí, ó ń to táìlì fún ilé iṣẹ́ kan. Èmi ń bá ìwé mi lọ. Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan sọ nípa wọn.

Nígbà tó yá, Dókítà Akínọ̀ṣọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi ṣí àkójọ ohùn náà wò.

"Ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú. Who is this one? Wákàtí mọ́kànlá! Fèyíkẹ́, kọ̀ǹpútà yìí ò gbọ́ Yorùbá o. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́."

Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn.

"Ṣé ó mọ̀ pé o nífẹ̀ẹ́ òun?"

"Ó mọ̀, sà."

"Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni kí o fi sílẹ̀. Yọ ìyókù. Wọn ò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ báyìí."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan tí mi ò tíì gbọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tó wá kí Màámi.

"Nọ́mbà kẹtàdínlógún nìyí. Àǹtí Kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé nǹkan yẹn ti ń gbọ́ mi látọjọ́ kìíní. Ó yá, gbọ́ tèmi náà. Táìlì ẹ̀gbẹ́ òpó kẹta, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kí n lè máa rídìí wá síbẹ̀. Tí Màámi bá ti gbà fún wa lọ́la, màá tún un ṣe."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ òun náà. Lẹ́yìn náà ni mo pè é, ó sì gbé e.

"Jàmíù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí o sọ ni."

"Fèyíkẹ́, wọ́n ti so yìgì fún mi n'Ígbòho. Jímọ̀ tó kọjá."

"Ẹ kú oríire."

"A dúpẹ́, Àǹtí."

Mo gba máàsítà mi. Màámi ní dandan, a gbọ́dọ̀ ṣe ìdúpẹ́. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta, ẹsẹ̀ wọn lásán ba táìlì náà, ó dún. Wọ́n dúró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Eléyìí ti ṣófo. Pe onítáìlì yẹn kó wá wò ó. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń pè é?"

"Jàmíù," mo ní. "Jàmíù ni orúkọ rẹ̀, Màámi. Òun ni mo fẹ́ fẹ́."

Omi ti bọ́ sí sùtánà mi kí n tó mọ̀ pé ojú mi ló ti ń wá. Màámi dì mí lápá mú.

"Ṣebí mo bi ẹ́, Fèyíkẹ́. O ò sọ."

"Mi ò sọ, Mà."