Ìyá Orí Àtẹ̀gùn

Àgbàlagbà obìnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí àga onígi níbi tí àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀ kan ti ṣẹ́rí, ẹnikẹ́ni kì í sì í kí i. Gbogbo ayálégbé ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láàárọ̀. Wọ́n á di àpò wọn mọ́ra, wọ́n á tẹjú mọ́lẹ̀, wọ́n á yára sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Obìnrin náà á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wù òtútù tó nípọn ló máa ń wọ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé oòrùn ń ràn.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí òkè pátápátá rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é nílé. Kò tíì parí ìwé o, kò tíì fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí àfi apá oníke tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé, ṣùgbọ́n màmá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti sọ ọ́ di Nọ́ọ̀sì lójú gbogbo oníbàárà látọjọ́ tí físà ti jáde. Ìlú òkèèrè tó wá kàwé yìí tóbi, ó sì tutù, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ti ń mọ̀ ọ́n gbé díẹ̀díẹ̀. Ó ti mọ ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kóun wọ̀. Ó ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó tilẹ̀ ti mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó ti ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìla ẹnu. Èyí tí kò rí kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń kọjá lára àgbà láìkí i. Orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un.

Bó ṣe kọ́kọ́ pàdé obìnrin náà, ńṣe ló tẹ orúnkún. "Ẹ káàárọ̀, mà." Èdè ilé ló bọ́ sí i lẹ́nu kó tó rántí láti tún un sọ ní èdè ìlú náà.

Obìnrin náà gbójú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni, mà."

Bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń dáhùn náà nìyẹn, ọ̀wọ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin náà ń mì bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Ọmọ mi," ló wí. Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ náà tutù, òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa sì ń jáde lára ẹ̀wù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lókè rí wọn, ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Látìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì ti ń kí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Nínú gbogbo ìlú ńlá yẹn, ẹnì kan wà tó ń pe òun lọ́mọ.

Màmá rẹ̀ náà máa ń pè é lórí fóònù láràárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan ò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ níbẹ̀: "Ojú àpá yẹn ńkọ́? Òtútù ò ta á?" Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló jó Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọwọ́ nígbà tó wà ní kékeré nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ìyá rẹ̀ ò sì tíì dárí jin ara rẹ̀ dòní. Àfi bí ìpè náà ṣe dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tóun fúnra rẹ̀ pè, màmá rẹ̀ ń dáhùn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ó bi í pé iṣẹ́ kí ló ń kọ́ gan-an.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Màámi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fún mi níṣẹ́ kí n tó kẹ́kọ̀ọ́!"

Màmá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárín àsìkò yẹn ni àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí ibi tí àtẹ̀gùn tún ti ṣẹ́rí lókè, ó sì tún ga sí i. Nọ́ọ̀sì ò rí ẹni tó ń gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ti iléèwé dé, ó bá obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn tó kángun sí ilẹ̀kùn tirẹ̀ gan-an. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Obìnrin náà gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

"Ojú àpá yìí ńkọ́? Òtútù ò ta á?"

Yorùbá ló sọ. Ohùn màmá rẹ̀ ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa òpin ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sáré wọlé, ó pe ilé.

"Màámi, àpá ọwọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa ń bèèrè ẹ̀, àbí?"

"Àpá wo?"

"Áyọ́ọ̀nù tó jó mi ní ṣọ́ọ̀bù."

"Kò sọ́mọ tó jóná rí ní ṣọ́ọ̀bù tèmi o." Ó gbọ́ tí màmá rẹ̀ ń pe àbúrò Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọkùnrin: "Akọ́bí mi, wá bá mi wo fóònù yìí, mi ò mọ ẹni tó ń pè." Fóònù já. Nọ́ọ̀sì ni akọ́bí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a lo ilé ìdáná, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tóun náà ti ìlú mìíràn wá. Adákẹ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀, torí kì í kí èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ni lóhùn. Adákẹ́ yìí ló wọlé bá a tó ń sunkún. Ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dún, ó wá sún mọ́ ọn.

"Ìyá ẹ ti ń gbàgbé ẹ, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Níbi tí wọ́n bí mi sí, àwa náà máa ń kí àgbà." Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo pe ara mi lọ́mọ ìyá orí àtẹ̀gùn yẹn bíi tìẹ. Bó bá ti gbà ẹ́ lọ́mọ, ẹni tó bí ẹ máa jọ̀wọ́ ẹ ni. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀. O rò pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó gbọ́, ẹnu ọ̀nà tèmi ló ń wá."

"Màá kó kúrò."

"Èmi náà kó kúrò rí. Orí àtẹ̀gùn ibi tí mo kó lọ ni mo bá a." Ó fi àgbọ̀n júwe fèrèsé tó sá aṣọ sí. Aṣọ àgbàlagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nílé mọ́. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ẹ̀ báyìí. Gbọ́, má kí i mọ́. Bó ti wù kó pè ẹ́ tó, má dáhùn. Bóyá á fi ìwọ̀nba tó kù sílẹ̀ fún ẹ." Ó pa omi, ó sì jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àga náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì gòkè, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di ògiri mú.

"Akọ́bí mi," ni obìnrin náà wí ní ohùn màmá rẹ̀. "Ṣé o ò rí mi ni?"

Ó kù díẹ̀ kó dáhùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó tì í, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì pe ilé.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni màmá rẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ sí i báyìí rí láyé, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Màámi, èmi ni. Nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì? Yéè! Ilé ìwòsàn wo nìyẹn? Kí ló ṣe ọmọkùnrin mi? Òun nìkan ni mo bí o!"

Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ bí èémí ìyá rẹ̀ ṣe ń sáré. Ó fẹ́ jiyàn, ó fẹ́ rán an létí gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ìyá náà ṣe é ju tara rẹ̀ lọ.

"Ara ẹ̀ le, mà. Ẹ má bínú. Mo ṣi nọ́ńbà pè ni. Mò ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè ni, mà."

"Háà, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́!" Màmá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹkún lẹ̀ ń sun yẹn? Àárò ilé ni, àbí? Ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀. Ìyá tó ni yín ò ní pàdánù yín o."

Nọ́ọ̀sì la ẹnu láti ṣe àmín.

"Àmín," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Màmá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Áà, ṣé ìyá yín wà níbẹ̀ ni? Ẹ bá mi kí wọn o."