Ọ̀sẹ̀ Dougie

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́, kò dùn mí. Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí tiwa, ní abúlé kan ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún kẹfà lẹ́yìn tí ogun Hitler parí. Enid fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Obìnrin yẹn kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ nínú rẹ̀.

Wilf ọkọ rẹ̀ ló ń mójú tó rédíò nínú ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù nígbà ogun. Àwọn méje ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, iná sọ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀run, Wilf sì fi ọwọ́ lásán pa á. Wọ́n ní Ọba yóò fi mẹ́dàlì fàdákà dá a lọ́lá. Àwọn mẹ́fà tó kù bá ta kú: ṣé iná tirẹ̀ nìkan ni? Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá pé bí mẹ́dàlì bá dé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni oníkálukú yóò máa gbà á. Wilf ni yóò ṣáájú. Dougie tó ń jókòó ti ìbọn nídìí ọkọ̀, níbi tí òtútù ti pọ̀ jù, ni yóò gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, aláwàdà. Enid fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Ó hun ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú fún un, ojú òwú kan sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi àtàńpàkò òsì. Títí Dougie fi lọ, ó ń fi àtàńpàkò yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Mẹ́dàlì ò tíì dé tí ibà fi dá Wilf dùbúlẹ̀. Ẹlòmíràn jókòó sídìí rédíò lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ò padà wá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé àpótí kékeré kan dé. Wilf wo mẹ́dàlì inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tì í sí dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Nígbà tí Enid ṣí i lọ́jọ́ Sunday, òfìfo ni. Òfìfo ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mẹ́dàlì ti padà síbẹ̀.

Enid rò pé ọkọ òun ló ń gbé e pamọ́. Wọ́n jà sí i. Ó bá fi aṣọ di àpótí náà, ó fi òwú dúdú rán an pa, ó ta kókó tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Sunday dé, kókó wà bó ṣe wà. Ó tú u. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Wilf ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi jáàmù pa búrẹ́dì.

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tèmi," ló wí.

Láti ọjọ́ náà Enid ò bèèrè mọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá a gbé nìyẹn, títí abúlé fi fẹ́ ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ létí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́. Àlùfáà wá bẹ Wilf pé kó ka orúkọ àwọn tó kú, kó sì fi mẹ́dàlì sáyà. Wilf kọ̀. Nígbà tí àlùfáà lọ tán ló tó sọ ohun tó há a lọ́fun láti ọdún yìí wá.

"Inú ń bí wọn sí mi ni wọ́n ṣe ń gbà á. Mo sùn sábẹ́ kúbùsù, àwọn lọ kú."

Enid ní ẹni tínú ń bí kì í dá nǹkan ẹni padà lọ́sẹ̀ keje. Nígbẹ̀yìn, Wilf gbà láti ka orúkọ, ṣùgbọ́n láìsí mẹ́dàlì, torí pé ọ̀sẹ̀ Dougie ni Sunday ọjọ́ náà bọ́ sí.

Ọjọ́ pé. Oòrùn ti mú láti àárọ̀. Enid ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó sì nawọ́ sí dúrọ́ọ̀ láti mú píìnì. Irin dúrọ́ọ̀ tutù débi pé ó ta á lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ ìta dákẹ́. Ó ṣí àpótí náà.

Mẹ́dàlì wà níbẹ̀. Yìnyín bò ó. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ òsì kan wà, aláwọ̀ eérú, tí omi ń kán lára rẹ̀. Àtàńpàkò rẹ̀ ti lu, àṣìṣe Enid sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà.

Ẹ̀rù bà á. Àánú ọmọ náà sì tún ṣe é, ó pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ó pe Wilf.

Wilf mú mẹ́dàlì náà, ó nu yìnyín kúrò lára rẹ̀.

"Ó yá mi ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀," ló wí, ó sì sunkún, ẹkún àkọ́kọ́ látìgbà ogun.

Ó fi í sáyà lọ sídìí òkúta ìrántí. Àwa tá a dúró nítòsí rí i: bó ṣe ń ka orúkọ nínú oòrùn yẹn, èéfín funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú òtútù. Nígbà tó kan orúkọ Dougie, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Enid dí ihò àtàńpàkò, ó tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, ó sì kó ìbọ̀wọ́ àti mẹ́dàlì padà sínú àpótí. Sunday tó tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ Wilf ló yẹ kó jẹ́. Wilf ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti ṣí àpótí, pé ohun téèyàn yá, ó yẹ kó dá a padà. Síbẹ̀, Enid ṣí i. Mẹ́dàlì ò sí, ìbọ̀wọ́ ò sí. Omi díẹ̀ ló kù nídìí àpótí, ó tutù.

Ó kó òwú aláwọ̀ eérú jáde, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Wilf bi í pé ta ló ń hunṣọ fún nínú ooru yìí.

"Òsì nìkan ló fi ránṣẹ́," ni Enid wí. "Ọ̀tún ńkọ́?"