Ìbéèrè Tó Kù Lẹ́nu Toyibat

Ọṣẹ hó bo gbogbo orí ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún Toyibat nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ kan dì pa, gíríìsì ṣì wà lára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ ìnura sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ibi tó ti ń fọ orí ni omi ẹ̀rọ ti dédé dá.

"Tó bá jẹ́ omi lẹ ń tà, mo ti rà á," ó ní.

Toyibat kì í ta omi. Asẹ́ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kí omi pupa lè mọ́ ló ń polówó kiri, ike omi mímọ́ kan ló sì fi ń ṣàfihàn fún oníbàárà. Ó ro gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ọ́fíìsì, kò rí èyí tó bá ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣẹ yìí mu. Ó ní kó tẹrí ba, ó sì da omi náà sí i lórí títí ó fi tán.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi hàn mí báyìí?" ọkùnrin náà bi í, ẹ̀rín ń pa á.

"Mo máa padà wá lọ́la, sà."

Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni Toyibat wà láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ ọjà títa àti ìpolówó ló wá kọ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí Apple Junction. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọjà tà, wọ́n á gbà á síṣẹ́ bí ẹ̀kọ́ bá parí. Satellite Town ló ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í sí nílé, tó bá sì wà nílé, oorun ló ń sùn. Gbogbo ọjọ́ ni Toyibat fi ń kan géètì káàkiri Festac. Inú ilé ni wọ́n ti ń dá a lóhùn pé kó padà wá lọ́la, kò sì sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọlásúnkànmí, ọlọ́ṣẹ ọjọ́ yẹn, ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yà mọ́tò ló ń tà ní ọjà Trade Fair, òun nìkan ló sì kù nínú ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí Toyibat padà wá, Ọlásúnkànmí fi àga ìyá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé lọ̀ ọ́. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá náà ti kú.

Ilé náà wá di ibi tí Toyibat ń parí ìrìn rẹ̀ sí nírọ̀lẹ́. Àǹtí Olómi ni Ọlásúnkànmí ń pè é. Yóò ra ẹ̀pà sílẹ̀ dè é, yóò tún béèrè bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, Toyibat náà á sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó.

Bẹ́ẹ̀, Àǹtí Dorothy, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, ní òfin kan tí kì í fi í ṣeré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà láì bi í pé, "Ṣé kí n gbé e wá?" Gbogbo Festac ni Toyibat ń bi. Ilé Ọlásúnkànmí nìkan ni ìbéèrè náà kì í ti í jáde. Ó mọ̀ pé bó bá ti rà á, ẹsẹ̀ òun ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, Àǹtí Dorothy bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn lọ sóde láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tajà. Nílé Ọlásúnkànmí, Toyibat sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fi omi pupa hàn, ó fi èyí tó mọ́ hàn, ó wá gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Ìta ni ọ̀gá ti lanu.

"Ìbéèrè dà?"

Toyibat bojú wẹ̀yìn wo fèrèsé ilé náà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì lójú," Àǹtí Dorothy ní. "Ọjà kan ṣoṣo ló kù kó o tà ká tó lè gbà ẹ́. Bi í lọ́la. Tó ò bá bi í, Ìsẹ́yìn lò ń padà sí, wàá sì tún pàdánù ọkùnrin yẹn náà."

Toyibat sunkún délé. Kò sẹ́ni nílé tó máa bi í pé kí ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bọ̀dá Súnkànmí, ṣé kí n gbé e wá?"

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bi mí. Tí mo bá rà á, ṣé ẹ tún ń bọ̀?"

"A kì í padà lọ bá ẹni tó ti rà."

"Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe rà á."

"Nítorí ẹ̀ lèmi náà ò ṣe bi yín," Toyibat ní.

Ọlásúnkànmí rà á. Toyibat gbé e wá, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró, wọ́n ń wo omi bó ṣe ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀.

"Toyibat." Kò pè é ní Àǹtí Olómi. "Èmi náà ní ìbéèrè kan. Ṣé kí n mú àwọn èèyàn mi wá sí Ìsẹ́yìn? Wọn ò pọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣoṣo ló kù."

Toyibat rántí gbogbo géètì tí wọ́n ti ní kó padà wá lọ́la. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga ìyá.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ó ní. "Tèmi náà ò pọ̀."