Ihò Kékeré Lára Kọ́tìnì Ẹja

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi láti òkè, ọkùnrin náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbá ọ̀rá omi méjì mọ́ àyà bí abiyamọ tó gbé ìbejì. Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé àwọn ọ̀rá náà kí òtútù má baà mú ohun tó wà nínú wọn. Òun alára wá ń gbọ̀n nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ṣí ẹ̀wù náà díẹ̀ láti yẹ ẹrù rẹ̀ wò, Abẹ́rẹ́ rí i: ẹja kan nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, roboto, pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun, pupa bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀, ilà aró wẹ́wẹ́ sì yí wọn lára ká.

"Ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin náà ní, "ṣé ẹ máa ń rán kọ́tìnì níbí?"

Abẹ́rẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kọ́tìnì wà lára ògiri, kọ́tìnì wà lórí tábìlì, èyí tó ń rán lọ́wọ́ sì bò ó mọ́lẹ̀ dé àyà.

"Rárá o. Búrẹ́dì là ń yan."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ yìí o. Àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Fèrèsé mélòó?" ó bi í, ó ti mú téèpù ìwọnṣọ.

"Kì í ṣe ti fèrèsé. Ti ẹja ni."

"Ti kí ni?"

"Ti ẹja. Dísíkọ́sì ni wọ́n ń jẹ́. Tọkọtaya ni. Èyí tó tóbi yìí ni ọkọ. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní wọ́n ń tijú. Béèyàn bá ń yọjú sí wọn nígbà tí wọ́n bá yé, wọ́n á pa ẹyin wọn tì, tàbí kí wọ́n jẹ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí sísọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kọ́tìnì wo ló wà lójú fèrèsé yín?"

"Tèmi? Ìwé ìròyìn ni mo lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀: ọkùnrin tí kò ní kọ́tìnì, tó fẹ́ rán kọ́tìnì fún ẹja, tó bọ́ ẹ̀wù fún ẹja nínú òjò. Ó fún un ní tọ́wẹ̀ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá Abẹ́rẹ́ ni mí, yàrá ẹ̀yìn ilé náà ni mò ń gbé, ohun tí mi ò fojú rí níbẹ̀, wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi tó ìgbà ogún.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni pé ó ń tún fíríìjì ṣe. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé! Ẹni tó ń fi òtútù jẹun ló lọ ra ẹja tí kì í fẹ́ rí òtútù sójú. Omi wọn gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, ó gbọ́dọ̀ mọ́, ká sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Oní-fíríìjì sì ra àpótí gíláàsì tán, onílé rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní àpótí náà kò ní gòkè.

"Omi yẹn wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta lọ," onílé ní. "Orí mi ni yóò já lé. Bó o bá fẹ́ pa mí, mú igi."

Ni Abẹ́rẹ́ bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀ rẹ̀. Bàbá Olómi là ń pe bàbá náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi, bó bá fẹnu kan omi, á sọ fún ọ ibi tí páìpù ti ń jò.

"Omi ló bọ́ wa nílé yìí," ó ní. "Ẹ gbé e wọlé."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Oní-fíríìjì pààrọ̀ omi, láti ẹnu ẹ̀rọ ló ti fa omi tààrà sínú àpótí. Kò pẹ́, ẹja méjèèjì gbẹ́nu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin náà di orí mú, ó ń pariwo. Bàbá Olómi rìn wọlé jẹ́jẹ́, ó gbé omi tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù látàná, ó dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

"Oògùn tí wọ́n ń dà sómi kí inú má baà run ọ́, òun ló ń sun ẹja nímú. Jẹ́ kí omi sùn kó tó bá ẹja pàdé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Oní-fíríìjì kò wá. Á lọ ẹran ọkàn màlúù kúnná, á wọ́n ọn fún ẹja. Abẹ́rẹ́ á rán aṣọ, á máa fi etí kan gbọ́ ọ.

"Ẹni tó ń wá ọmọge wá," Abẹ́rẹ́ á ní, "ọmọge ló ń gbé nǹkan wá fún. Tìrẹ, ẹja ló ń jẹran."

"Abẹ́rẹ́ mi, ta ló sọ fún ọ pé ọmọge ni mò ń wá?"

"Ojú rẹ. Ẹja ni wọ́n gbé síwájú ẹ, ọ̀dọ̀ mi lò ń wò."

Ó rán kọ́tìnì náà fún un, aláwọ̀ ewé, ó nípọn, ó bo iwájú àpótí láti òkè délẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi máa pé, Oní-fíríìjì lọ bá Bàbá Olómi, ó ní òun fẹ́ fẹ́ Abẹ́rẹ́. Bàbá na ẹsẹ̀.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí i pé o lè fi sùúrù tọ́ nǹkan. Bí àwọn ẹja yẹn bá pa ọmọ, wá bá mi, mi ò ní bá ọ jà sí i."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré lòún sọ. Kò mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ ló so mọ́ ìdí ẹyin ẹja.

Ẹja yé. Wọ́n to ẹyin wẹ́wẹ́ sára ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wọn, ó pọ̀ lọ súà. Inú wa dùn, mo kọrin. Ní ọjọ́ kejì, ẹyin funfun bí ẹfun, àmì pé kò ní pa nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bu. Wọ́n tún yé, ó tún funfun. Ìgbà kẹta ńkọ́? Ẹyin tún pọ̀ súà, ó sì tún funfun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Oní-fíríìjì wọlé pẹ̀lú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó rí àga Bàbá Olómi níwájú kọ́tìnì. Ó gbọ́wọ́ lé àga náà. Ó ṣì ń gbóná.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ̀ ń yọjú sáwọn ẹja yìí ni?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi yọjú sẹ́ja ṣe?"

"Àga yín nìyí."

"Mi ò lè jókòó nílé mi mọ́?"

Ìbànújẹ́ ti rú ọkùnrin náà lójú. "Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bímọ, torí ẹ ò fẹ́ fún mi lọ́mọ yín. Ìkà lẹ fi ń ṣe."

Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Sọ̀rọ̀. Ìwọ lo máa ń wà níbí látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé Bàbá kì í yọjú?"

Abẹ́rẹ́ wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan," ó ní.

"Sátidé tó ń bọ̀," Bàbá Olómi ní, "wá kó ẹja rẹ. Ẹni tó bá pè mí níkà kò lè fẹ́ ọmọ mi."

Áà, ọ̀sẹ̀ yẹn gùn! Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé bó bá ń tẹ ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ orin, ó wá ń ránṣọ bí ẹni tó yadi. Ó rán kọ́tìnì olódòdó kan fún oníbàárà, gbogbo òdòdó dorí kodò. Bàbá rẹ̀ á bu òkèlè kan, á fi ìyókù sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Olómi wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, béèyàn bá mọ ohun kan tó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́, àmọ́ bó bá sọ ọ́, á hàn pé ó ti purọ́, kí ni kó ṣe?"

"Irọ́ náà, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ó rò ó. "Ó tó ihò bọ́tìnnì."

Àbúrò mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń ṣí ìkòkò wò. Mi ò bá a wí. Orin ni mo kọ sí i:

*Irọ́ kékeré, jáde wá,*
*Ilé ti há fún wa;*
*Ìwọ lo gba àga mẹ́ta,*
*Àwa là ń dúró.*

Ó dìde, kò rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Ní Sátidé, Oní-fíríìjì dé pẹ̀lú ike méjì àti àwọ̀n. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Bẹ́ ẹ yọjú, bẹ́ ò yọjú, mi ò gbọdọ̀ pè yín níkà. Ọjọ́ tí ẹja mi ń kú lọ, ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n là." Ó dìde, ó mú àwọ̀n, ó nawọ́ sí kọ́tìnì.

"Dúró!" Bàbá Olómi ti dìde. Òógùn bò ó. "Mo yọjú."

Ó na ìka sí kọ́tìnì náà.

"Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń yọjú. Ìṣó ni mo fi dá ihò sára kọ́tìnì. Mo fẹ́ kí wọ́n bímọ ju bí ìwọ alára ṣe fẹ́ ẹ lọ, torí mo fẹ́ràn rẹ, mi ò kàn lè wí i. Gbọ́ ohun tí mo rí. Kò sí ọkọ nínú àpótí yẹn! Èyí ńlá á yé, á kúrò níbẹ̀. Èyí kékeré á bọ́ síbẹ̀, òun náà á yé. O ò rí bí ẹyin ṣe ń pọ̀ tó? Obìnrin méjì ni wọ́n tà fún ọ. Bí wọ́n bá fi ọdún mẹ́wàá yé, funfun náà ni yóò máa funfun."

Oní-fíríìjì fẹ̀yìn ti ògiri. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ rò pé ó rán etí ihò yẹn?"

Bàbá súnmọ́ kọ́tìnì, ó tẹ̀ ba. Òótọ́ ni. Wọ́n ti fi òwú aláwọ̀ ewé yí etí ihò náà po, nígín-nígín, bí ihò bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ ìyàwó.

"Mo rò pé bó ṣe wà nìyẹn," ó ní.

"Kọ́tìnì wo lẹ rí tó ní ihò bọ́tìnnì ní déédéé ojú yín? Ó ti fẹ́ máa ya sí i. Mo ní kí n bá yín rán an kó má baà tú yín fó." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Mo mọ̀. Mo purọ́ fún ọ. Mi ò lè dójú ti bàbá mi níwájú ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Dárí jì mí."

"Mo ti rò pé o kọ̀ mí ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré.

"Kọ̀ ọ́ kẹ̀? Èmi tí mo rán òdòdó dorí kodò nítorí rẹ?"

Bàbá wá di olùkọ́. "Lọ ra kéékèèké mẹ́rin sí i, dà wọ́n pọ̀, kó o sì jókòó. Kí wọ́n yan ara wọn. Èèyàn kì í bá ẹja fẹ́ ìyàwó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Oṣù ń gorí oṣù, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dàgbà, à ń pààrọ̀ omi. Èyí ńlá tí a ti ń pè lọ́kọ látọjọ́ yìí, òun gan-an ló lọ fẹ́ ọkọ! Ó yan ọ̀kan tí lẹbẹ rẹ̀ ya, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kà sí, àwọn méjèèjì jọ fẹnu fọ ìkòkò amọ̀ mọ́ tónítóní. A kó àwọn tó kù sínú àpótí mìíràn. Wọ́n yé. Ní ọjọ́ kejì, ẹyin kò funfun. Àmì dúdú bíńtín yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti pa, wọ́n ń gbọ̀n rìrì lára ìkòkò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́, wọ́n lọ lẹ̀ mọ́ ara ìyá wọn bí eruku, wọ́n ń jẹ oje tó ń yọ lára rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì ṣí lọ bá bàbá wọn.

Ihò kan ṣoṣo ló wà, àwa mẹ́rin la fẹ́ wò. A tò lẹ́yìn ara wa bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Bàbá Olómi tò nígbà mẹ́ta.

Ẹ̀yìn Bàbá níbẹ̀ ni Oní-fíríìjì ti fa téèpù ìwọnṣọ Abẹ́rẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fà á lé e lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ rán kọ́tìnì."

"Ti ẹja?"

"Ti fèrèsé. Mẹ́ta ni. Mo ti gba ilé kan nísàlẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀ rẹ̀. Mo ti ya ìwé ìròyìn kúrò."

Abẹ́rẹ́ ká téèpù mọ́ ìka, ó tú u. "Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, kí n lè mọ bí yóò ṣe nípọn tó?"

"Ó kù sọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan ni báyìí."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé méjì," ó ní. "Ilé àwa méjì ni mo fẹ́ rán an fún."

Bàbá Olómi kò kúrò lẹ́nu ihò, kò tilẹ̀ yíjú. "Ẹ rán an," ó ní. "Àmọ́ kó má nípọn jù o. Èmi náà á fẹ́ rí ọmọ tèmi."

"Bàbá!" Abẹ́rẹ́ kígbe.

Ó rán wọn o, kọ́tìnì mẹ́ta, aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ tí wọ́n fi wọ́n kọ́, tí wọ́n ṣègbéyàwó, mo fi ọwọ́ mi wá gbogbo etí aṣọ náà, nítorí mo mọ ọmọ mi. Lára kọ́tìnì fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ní déédéé ojú bàbá rẹ̀, mo rí i: ihò bọ́tìnnì kan, tí wọ́n fi òwú yí etí rẹ̀ po nígín-nígín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orin ni mo fi sí i:

*Ẹja aláwo, rọra wẹ̀,*
*Kọ́tìnì ti bò ọ́;*
*Ojú tó ń wò ọ́ níbi ihò yẹn,*
*Ojú ìfẹ́ ni o.*