Béèsì Tó Pa Ohùn Bàbá

"Béèsì tí mo ṣe lánàá, ẹja ìsàlẹ̀ òkun gbọ́ ọ, ó dìde, ó ní ta ló ń kanlẹ̀kùn! Eyín ìyá arúgbó òdìkejì títì já bọ́. Mo tún un tẹ̀, eyín padà sẹ́nu!"

Gbìràmù ló ń fi béèsì, ìró tó wúwo tó ń milẹ̀, fọ́nnu bẹ́ẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé tábìlì ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó di káàdì fóònù kan mú bí ẹni di ẹyin mú.

"Ṣé o lè ṣe ti bàbá mi?"

Bàbá yẹn ti kú. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé wà nínú káàdì náà, iṣẹ́ tó fi fóònù rán sílé. Fóònù ti sọ ohùn ọ̀hún di tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bó bá kí èèyàn níta, abọ́ á máa gbọ̀n nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ kì í sùn mọ́. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Èyí? Kó o tó ṣẹ́jú, bàbá yín á ti máa béèrè oúnjẹ!"

Ọ̀gá kò sí nítòsí. Iṣẹ́ náà kò le: ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn tó wà, á dá òmíràn tó wúwo jù ú lọ sílẹ̀, á tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. Àmọ́ ọ̀gá kì í yé kìlọ̀ pé, "Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà. Bí iyọ̀ ni béèsì rí. Tó bá pọ̀ jù, o ò lè ṣà á kúrò nínú ọbẹ̀."

Gbìràmù ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ̀dà. Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó fa béèsì lọ sókè títí kò fi lọ mọ́, ó sì fi rọ́pò ti àtijọ́ nínú káàdì náà. Ìgbà tó wá fetí sí i, kò sí bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ariwo lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pósí lórí símẹ́ńtì.

Gbogbo ibi tó tẹ̀ kó lè dá a padà, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Ó yẹ kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ní béèsì òun jí ẹja òkun lójú oorun ṣe máa sọ pé òun ba iṣẹ́ jẹ́? Ó fa máìkì mọ́ra, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá, ó fi béèsì kún un.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àti ọmọ dé. Opó náà wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó jókòó síwájú sípíkà bí ẹni ń retí àlejò. Gbìràmù tẹ ẹ̀rọ.

"Ìyàwó mi, mo ti ń bọ̀. Má tilẹ̀kùn."

Ilẹ̀ mì. Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ kò mira.

"Ọmọ mi, ta lèyí?"

"Ọkọ yín ni, Mà! Ẹ ò gbọ́ béèsì ni?" Gbìràmù dáhùn.

"Akólòlò lọkọ mi. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò pe 'ìyàwó' rí kó má kọ́kọ́ há a lọ́fun. Ibi tó ti ń há a yẹn gan-an ni mo wá gbọ́."

Gbìràmù rántí pé lóòótọ́ ni ohùn tín-ín-rín yẹn kọsẹ̀. Béèsì nìkan ni etí òun ń wá.

"Ti àkọ́kọ́ dà?" ọmọbìnrin náà béèrè.

"Mo... m-m-mo ti..."

Ogún ọdún tí wọ́n ní irọ́ lè fi rìn kí òtítọ́ tó bá a, tirẹ̀ ò rìn dé ẹnu ọ̀nà. Opó náà na ọwọ́, ó rọra pa sípíkà bí ẹni ń pa ojú òkú dé.

"Ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́: ẹni tó bá ba nǹkan oníǹkan jẹ́, kó tètè jẹ́wọ́. Fáàrí kì í tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, irọ́ ló máa ń sin ín.

Gbìràmù fo àga, ó sá jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó sá tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ òjìji rẹ̀, tí òjìji jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹkún opó yẹn, tín-ín-rín, tí kò ní béèsì kankan, kò sinmi. Ó ń sá tẹ̀lé e.