Àbẹ́là Abẹ́ Ìgò

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kò dùn mí. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, gbogbo kíláàsì ló sì fojú ara wọn rí i.

Tíṣà kẹ́mísírì kan ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí iná ṣe ń jó. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó. Ó tan àbẹ́là nínú àwo, ó fi ìgò ńlá kan dé e mọ́lẹ̀. Ó ní ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná. Bí ti inú ìgò bá ti tán, iná á kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ìlà iwájú. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń bá ikọ́ fée jà, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ṣe é kẹ́yìn. “Mà” ló máa ń pe ìyá rẹ̀ ní kíláàsì, torí ìyá ti kìlọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe pálọ̀ ilé wọn.

Wọ́n dúró títí. Iná kò kú.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọlé, ó bá bu omi yí ẹnu ìgò ká nínú àwo. Iná tún mọ́lẹ̀ sí i. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ohùn kan ń dún fíì, fíì. Wọ́n rò pé inú ìgò ni.

Àyà ọmọ rẹ̀ ni. Ètè rẹ̀ ti ṣú.

“Mọ́mì.”

 Tíṣà gbé ìgò náà kúrò. Ọmọ mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ walẹ̀. Ìyá gbá a mọ́ra, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò wọ́n.

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí iná kó lè pa á. Iná tẹ̀. Ọmọ la ẹnu sílẹ̀, kò mí. Iná nà ró. Ó mí.

“Ẹ má fọwọ́ kan iná náà mọ́,” ni Tíṣà wí. “Ẹ ti fèrèsé.”

Ẹnì kan rọra bi í pé kí ló fà á. Ó ní kí ó sún sẹ́yìn, kí èémí rẹ̀ má bàa kan iná. Aago ìparí lù, kò sẹ́ni tó dìde. Tíṣà gbé ọmọ náà lé itan bí ọmọ ọwọ́, ó ń wo àbẹ́là bó ṣe ń yọ́ lọ sí ìdí àwo.

Wọ́n bá a wá àbẹ́là mìíràn. Ó gbà á, ẹ̀rù sì ń bà á, torí kò mọ̀ bóyá iná tí a tàn lára iná ṣì ni iná àkọ́kọ́. Ó na òwú àbẹ́là tuntun náà sí iná. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó.